Àrà Ọrùn Aṣọ Mi Tó Wà Nínú Kọ̀mpútà Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba "ẹ kú ilé" lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀. Àwa tí ẹ fi sílẹ̀ ṣì wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí ohun gidi kan tí à ń fi ìyè ọ̀hún ṣe. Ìyá ń kí yín. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì ń dùn wọ́n. Wọ́n ti pa àgbo tì, wọ́n ní ìkorò rẹ̀ ju ìrora ẹsẹ̀ lọ, àwọn yóò kúkú yan ìrora. Ẹ ṣáà mọ ìyàwó yín.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò tóbi. Bí mo bá sọ ọ́ lójú ẹlòmíràn, ẹ̀rín ni yóò fi mí rín. Kọ̀mpútà yín ń kú lọ. Mo ní láti pinnu bóyá kí n tún inú rẹ̀ ṣe, tàbí kí n pa á tì kí n ra òmíràn. Ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń ṣe irú ìpinnu yìí kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán, kò sì sí ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí òkú nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná kúráǹ ti lọ ní gbogbo àdúgbò Tokpota láti òwúrọ̀, bátìrì kọ̀mpútà náà kò sì gba iná dúró mọ́. Mo wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, mo mú bírò àti ìwé, mò ń wo àwọn tó ń kọjá. Bí oníbàárà bá dé, mo ní kó padà wá lọ́la. Wọn kì í padà wá.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbé e wálé? Kraké lẹ́nubodè ni ẹ ti rà á, lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọjà Nàìjíríà wọlé, ẹ sì gbé e mọ́ àyà lórí alùpùpù, lẹ́yìn onízẹ́mìjàn, bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ni ẹ ní kí ó rọra gbà. Tòkunbọ̀ ni. Obìnrin òyìnbó kan ló ti lò ó rí, orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìgbàkígbà tí ẹ bá tàn án, obìnrin náà ni kọ̀mpútà ń kí káàbọ̀. Ìyá fi ṣe ẹ̀fẹ̀ títí, wọ́n ń bèèrè ìgbà tí ìyàwó kẹta yóò wá gba iṣẹ́ ìdáná lọ́wọ́ àwọn.

Bọ́tìnnì rẹ̀ tò bí ti àwọn ará Nàìjíríà, kò tò bí èyí tí a mọ̀ nílùú wa. Ẹ gé ìwé wẹ́wẹ́, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ orí bọ́tìnnì. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Sẹ́lótéèpù náà ti pọ́n, etí rẹ̀ ti ká, ìdọ̀tí ìka ọwọ́ yín àti tèmi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kì í fọwọ́ kàn án láìfọ ọwọ́, ẹ kì í sì í tàn án láìṣe bìsìmílà. Ká má purọ́, ọkàn èmi náà máa ń balẹ̀ tí ó bá tàn lẹ́yìn bìsìmílà yẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jẹ àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ṣì ń pa òfin yẹn mọ́. Ìta ni mo ti ń jẹun.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yín kò ní mọ ohun tí àgbàlagbà ọkùnrin ń fi kọ̀mpútà ṣe. Bọ̀ròdérì ni iṣẹ́ yín, iṣẹ́ ọnà ọrùn aṣọ. Ọwọ́ ni ẹ fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ àti òwú, kí ẹ tó ra ẹ̀rọ bọ̀ròdérì ńlá yẹn. Láti ìgbà náà, orí kọ̀mpútà ni ẹ ti ń ya àrà. Okùn dúdú kan so kọ̀mpútà mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì rán ohun tí ẹ bá yà. Bí okùn yẹn kò bá sí, kọ̀mpútà kò mọ aṣọ í rán, ẹ̀rọ náà kò sì mọ àrà kankan, irin lásán ni. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ agbádá tó gbayì fún Iléyá ní Àjàṣẹ́ wa yìí ló mọ ọ̀nà àtelíè tí ẹ ti ń ránṣọ, bó ṣe olówó, bó ṣe ẹni tó ń tọrọ sùúrù.

Ohun kan wà tí ẹ kì í tà fún wọn, bí wọ́n tilẹ̀ kó owó wá. Ọmọ yín kọ̀ọ̀kan ló ní àrà tirẹ̀, tí ẹ ń rán sí ọrùn aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹlòmíràn kò sì gbọ́dọ̀ wọ irú rẹ̀ láéláé. Ti Ẹ̀gbọ́n Ràímì, àkọ́bí yín tí Ìyá Àgbà, ìyálé Ìyá, bí, igun mẹ́rin mẹ́rin ló jẹ́, wọ́n ń ti inú ara wọn jáde. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni orí rẹ̀ ṣe le.

Ẹ kì í yí apá ọ̀tún padà kí ẹ fi ṣe apá òsì. Kọ̀mpútà lè ṣe é, bọ́tìnnì kan ni, gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n á ya apá kan, wọ́n á yí i padà, iṣẹ́ parí. Ẹ̀yin kọ̀. Ẹ ní èjìká méjèèjì ènìyàn kì í ga dọ́gba, pé ẹni tó bá rán ọ̀tún àti òsì bákan náà kò tíì wo ẹni tó ń ránṣọ fún. Ẹ á ní ká dúró gbọnrangandan, ẹ á na okùn ìwọ̀n láti ọrùn dé èjìká ọ̀tún, ẹ á lọ yà á. Ó lè tó oṣù kan kí ẹ tó padà wá sórí òsì. Ẹ á sì dákẹ́ tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n, ẹ̀yin tí ẹnu yín kì í dákẹ́.

Èmi ni mo kù. Ìgbàkígbà tí mo bá bèèrè tèmi, ẹ ní ó ń lọ lọ́wọ́.

Baálé ilé kú, ilé dahoro, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Ilé tiwa kò dahoro, ṣe ni ó kún. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ yín, àwọn àgbà ìdílé jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú Ààfáà láti pín ohun tí ẹ fi sílẹ̀. Inú yàrá ni àwa obìnrin wà, à ń gbọ́ ohùn, a kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Mi ò lè sọ pé ẹnì kan rẹ́ ẹnì kan jẹ. Ohun tó tóbi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó dàgbà, ohun kékeré bọ́ sọ́wọ́ obìnrin tó lọ ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n Ràímì gba ẹ̀rọ, èmi gba kọ̀mpútà. Ọ̀kan nínú wọn ló gé okùn dúdú náà kí ẹrù lè rọrùn láti gbé. Wọ́n gbé odó fún ẹnì kan, wọ́n gbé ọmọ odó fún ẹlòmíràn, wọ́n sì ṣe àdúrà pé kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí iyán wa. Ẹ̀yin ì bá wà níbẹ̀, ẹ ì bá là wọ́n lọ́yẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wà níbẹ̀, kí ni wọn ì bá máa pín?

Ẹ̀gbọ́n Ràímì tan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n rò pé ó ti bàjẹ́. Awakọ̀ tó ń ná Kraké ni wọ́n, kí ló kàn wọ́n kan abẹ́rẹ́? Wọ́n tà á fún ẹni tó kọ́kọ́ bèèrè. Mi ò gbọ́ títí ó fi lọ. Èmi náà gbé kọ̀mpútà wá sí Tokpota, mo fi ṣí sẹkiretáríà kékeré: mò ń bá àwọn tí kò ní kọ̀mpútà tẹ ìwé, ìwé ìwáṣẹ́, ìwé àṣejáde àwọn ọmọ yunifásítì tí wọ́n ń pè ní mémọ́à, ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ìwé ìpè ìgbéyàwó ló pọ̀ jù. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń to orúkọ ọkọ àti ìyàwó kó lè dùn ún wò ju ẹnikẹ́ni lọ ní àdúgbò yìí. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí kò sí oníbàárà, mo ṣí ètò tí ẹ fi ń ya àrà, mo sì rí orúkọ mi níbẹ̀. Orúkọ tí ẹ̀yin nìkan ń pè mí ni ẹ kọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ kó tó ṣí, mo rò pé ojú ń tàn mí ni. Lẹ́yìn náà ó jáde: ọrùn, àyà, èjìká ọ̀tún, ewé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gun ara wọn lọ sókè, tí ẹnu wọn ká díẹ̀. Mi ò rí irú rẹ̀ rí nínú gbogbo iṣẹ́ yín. Mo sunkún, Bàbá. Mo fi gèlè nu ojú, mo tún wò ó. Apá òsì ṣófo.

Mo ti fẹ́ bi yín ní ìbéèrè yìí láti ọjọ́ náà. Ṣé àìsàn tó pa yín ló dá yín dúró? Àbí ẹ ti dúró ṣáájú rẹ̀? Ọkùnrin tó wá tọrọ mi yẹn wá, àwọn ènìyàn rẹ̀ jókòó, wọ́n mu omi, wọn kò sì padà wá mọ́. Ẹ kàn ń bá mi ṣe ẹ̀fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ sì ń fún mi ní ẹran inú àwo yín. Ṣé ìgbà náà ni ẹ fi iṣẹ́ mi sílẹ̀, tí ẹ rò ó nínú ara yín pé kò sí ìdí láti parí rẹ̀? Mi ò bínú. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n mi ò bínú.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí àìsàn kọ̀mpútà. Ìbòrí rẹ̀ ti yẹ̀, bíríkì ni mo fi gbé e dúró lẹ́yìn. Fáànù inú rẹ̀ ń ké fòò bí ẹni ń din ẹja. Bí mo bá tàn án, mo lè lọ ra omi, kí n kí aládùúgbò mi, kí n gbọ́ ẹjọ́ òun àti onílé rẹ̀ tán, kí n tó padà bá a pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Láìpẹ́ yìí, mò ń tẹ mémọ́à ọmọbìnrin kan, kúráǹ lọ. Nígbà tó padà dé, ohun tí a ti tẹ̀ láti àná ti run. Ọmọ náà kò bú mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ì bá kúkú bú mi. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gba ọ̀dọ̀ mi kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù tuntun tó wà níwájú, níbi tí kọ̀mpútà ti ń dán tí ilé sì tutù.

Mo gbé e lọ bá Kójó, ọ̀dọ́mọkùnrin Gun kan tó ń tún kọ̀mpútà ṣe lẹ́bàá ọ̀nà. Tántì ló ń pè mí. Ó tú ìdí rẹ̀, ó fẹ́ eruku dànù, ó gbé etí lé e, ó sì mi orí.

"Tántì, díìsìkì inú ẹ̀ tó ń pa ìwé mọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ máa fi ṣiṣẹ́, n ó yọ ọ́, n ó fi tuntun sí i, n ó fi agbára kún un, n ó tún gbogbo ètò inú ẹ̀ tò. Á máa sáré."

"Àrà Bàbá tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́?"

"Ìwé yín á bọ́ sínú tuntun, kò sí wàhálà. Mẹ̀, ṣùgbọ́n, ètò tí Bàbá fi ń ya bọ̀ròdérì yẹn, kò ní gbà. Ó ti gbó jù, ẹni tó fi síbẹ̀ ò sì sí mọ́. Àrà yẹn ò sì lè ṣí níbòmíì, mo ti dán an wò lórí tèmi. Òfìfo ló ń fi hàn."

"Tí mo bá ra òmíràn, tí mo fi èyí sílẹ̀ bó ṣe wà?"

"Dàkọ́ọ̀, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹ̀, á kú fúnra ẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ kan ẹ ó tàn án, kò ní dá yín lóhùn."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé. Bí mo bá tún un ṣe, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa àrà yín. Bí mo bá ra òmíràn, mo ní láti ti ṣọ́ọ̀bù pa, nítorí owó tó wà lọ́wọ́ mi kò ká òun àti owó ilé ṣọ́ọ̀bù, àrà náà yóò sì kú síbẹ̀, níbi tí mi ò wò ó. Bí mo bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, èmi àti Ìyá kò ní jẹun. Ẹ má sọ fún mi pé kí n yà á ní fọ́tò. Mo ti yà á, ó wà lórí fóònù mi. Fọ́tò yín náà wà lára ògiri pálọ̀, a kò rí i kí ìyẹn wá jókòó bá wa jẹun.

Mo wá rò ó pé bí mo bá rí ẹ̀rọ náà, kí n so ó mọ́ kọ̀mpútà lẹ́ẹ̀kan péré, kó rán ìwọ̀nba tí ẹ ti yà sórí aṣọ funfun kan. Ìdajì ọrùn aṣọ kò jẹ́ nǹkan kan lójú ẹlòmíràn. Èmi ì bá gbà á. Ẹ̀gbọ́n Ràímì fi ọkọ̀ wọn gbé mi lọ sí Kraké. Mo ṣàlàyé fún wọn lójú ọ̀nà bí ohun méjèèjì ṣe jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n dín eré kù. Ọkùnrin tó ra ẹ̀rọ jókòó sáàárín àwọn irin àtijọ́ ní tòsí ẹnubodè, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ẹ̀rọ yẹn kẹ̀? A ti tú u. Mọ́tò inú ẹ̀ ti sọdá, irin ẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ́ irin. Ẹ̀gbọ́n yín ló sọ fún wa pé ó ti kú, àwa náà sì sin ín."

Ó fi ẹ̀pà lọ̀ wá. Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, Ẹ̀gbọ́n Ràímì kò tan ọkọ̀. Wọ́n di ọwọ́ ọkọ̀ mú.

"Àbúrò mi, n kò mọ̀ o. Wọ́n gbé e fún mi, mo gbà á."

Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ń sunkún, Bàbá, olórí líle yín yẹn. Ẹkún tí wọn kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú yín ni wọ́n wá sun ní Kraké, láàárín fèrè àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Èmi àti wọn ń gbé inú ìlú kan náà, kò sì sẹ́ni tó bi ẹnì kejì ohun tó fẹ́ fi tirẹ̀ ṣe.

Ẹnì kan tún júwe alábọ̀ròdérì kan fún mi ní Akpro-Missérété. Mo lọ, mo fi fọ́tò hàn án. Ọlọ́yàyà ènìyàn ni, ó yìn yín, ó ní ọwọ́ ẹni tó ya èyí kì í ṣe ọwọ́ lásán. Ó ní ohun tó rọrùn ni, òun yóò wò ó yà lórí kọ̀mpútà tòun, òun yóò yí apá ọ̀tún padà sí òsì, kí n kàn mú aṣọ wá. Ó yà á díẹ̀ lójú mi, ó tẹ bọ́tìnnì kan, mo sì rí ọrùn aṣọ mi lódindi, ọ̀tún àti òsì, ó gún régé. Ó dára. Ọlọ́run rí i pé ó dára. Mi ò mọ ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní n ó padà wá, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa.

Ìyá ni mo fi ọ̀rọ̀ lọ̀ nígbẹ̀yìn. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Ọmọ́ kú yá ju ọmọ́ nù. Gbé e lọ bá Gun yẹn. Ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́."

Kúráǹ ti dé. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí.

*

Bàbá, mo tún padà dé. Ó ti tó ọjọ́ díẹ̀ tí mo kọ apá òkè yẹn, mo sì ti ṣe ohun tí Ìyá wí.

Kí n tó gbé e lọ, mo kọ́kọ́ ṣí àrà mi. Ètò yín ní ibì kan tí a lè tẹ̀, tí yóò fi hàn lójú kọ̀mpútà bí ẹ̀rọ yóò ṣe rán an, abẹ́rẹ́ àti òwú, láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò tẹ ibẹ̀ rí. Ẹ̀rù ń bà mí ni, mo rò pé yóò mú kọ̀mpútà kú lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mi ò ní ohun tí mo tún ń bẹ̀rù mọ́. Ìyá rọra tẹ̀ lé ọ̀pá wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jókòó sórí àga oníbàárà. Mo fọ ọwọ́, mo ṣe bìsìmílà, mo tẹ̀ ẹ́.

Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àyà. Mo ti rò pé ọrùn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó rán ewé kan, ó lọ síwájú, ó tún padà sẹ́yìn wá fún un ní etí, kó tó lọ sórí ìkejì. Gbogbo ewé ló ń padà sí. Ó ń falẹ̀, kọ̀mpútà ń mí gúlegúle, a kò mira. Ìyá rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe. Wọ́n á jáde nílé, wọ́n á tún padà wá wò bóyá àwọn ti ilẹ̀kùn."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀yin ni. Ìrìn yín ni, Bàbá, ó ń lọ, ó ń padà, lára ọrùn mi. Ó gun àyà, ó yí ọrùn po, ó dé èjìká ọ̀tún, ó tò ó títí dé etí apá. Lẹ́yìn náà ó fò padà sí ìdí ọrùn ní apá òsì, ó gún abẹ́rẹ́ wọlé, ó rán ìrán kan. Ẹyọ kan ṣoṣo. Ó dúró.

Mi ò mọ̀ pé ìrán kan wà níbẹ̀. Kò hàn nínú àwòrán, ó kéré jù. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ apá òsì. Ẹ ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú rẹ̀. Kí ló pè yín níta? Ta ló dé? Ṣé ẹ fẹ́ padà wá, àbí ẹ wo gbogbo apá tó kù, ó sú yín? Mo dúró bóyá abẹ́rẹ́ yóò tún lọ. Ìyá náà dúró.

"Ṣé ó tán ni?"

Mo ní ó tán. Wọ́n na ọwọ́ sí èjìká òsì mi, wọ́n fi ìka wọ̀n ọ́n láti ọrùn lọ títí dé apá, wọn kò sì sọ ohun tí àwọn rí. Kọ̀mpútà gbóná, ó sì paná fúnra rẹ̀. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń jáde.

Ọ̀dọ̀ Kójó ni mo gbé e lọ. Mi ò dúró wo bí yóò ṣe tú u. Nígbà tí mo padà lọ gbà á, inú rẹ̀ ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Tántì, ẹ wò ó, ẹ kò ní ka ení dé ẹ̀ta tó fi máa ṣí! Ìwé yín pé. Mo tún ìbòrí ẹ̀ ṣe, mo yọ àwọn ìwé játijàti tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bọ́tìnnì, mo nù ún mọ́. Bọ̀ròdérì yẹn nìkan ni... ìyẹn, sé fíní, ó ti tán."

Mo wo bọ́tìnnì náà, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán. Mi ò lè bínú sí i, ó ṣe é láti fi mú inú mi dùn ni. Mo bèèrè díìsìkì àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún mi. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo fi í sínú báàgì, mo gbé e délé, mo gbé e fún Ìyá, Ìyá ní kí ni kí àwọn fi ṣe. Ó wà lórí fèrèsé.

Àwọn ọmọ yunifásítì ti ń padà wá díẹ̀díẹ̀. Ọmọbìnrin ọjọ́ yẹn wá, a tún mémọ́à rẹ̀ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó parí, ó dì mọ́ mi. Ẹnì kan mú ìwé ìpè ìgbéyàwó wá lánàá. Mo fi òdòdó sí igun méjèèjì, ọ̀tún àti òsì bákan náà. Inú wọn dùn sí i. A ń jẹun, Bàbá, ẹ má bẹ̀rù lórí ìyẹn. Lówùúrọ̀ mo ń tan kọ̀mpútà, kí n tó fa àga mọ́ra ó ti ṣí, ó ń dúró dè mí. Èmi náà á jókòó síwájú rẹ̀. Kò sí ohun kan tí mo fẹ́ ṣí nínú rẹ̀.

Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún yín.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín, tó ṣì fẹ́ràn yín bí ẹ kò tilẹ̀ dá a lóhùn.